Dókítà ní ìyà ni ọmọ tuntun yìí máa jẹ títí: ṣé ó tọ́ ká ràn án lọ́wọ́ láti kú?

Àbẹ̀kẹ́Ìjẹ̀bú (ọjọ́ Àìkú, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ àbúrò bàbá mi bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ là nísàlẹ̀, nǹkan pupa kan yọ níbẹ̀ bíi tòmátì tó ti rọ̀, awọ fẹ́lẹ́ ló bò ó. Spina bifida ni àwọn dókítà pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í mira, omi sì ti ń gbá jọ sínú orí. Àwa obìnrin mẹ́fà la jókòó ti ìyá ọmọ nígbà tí ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má fún un lọ́mú mọ́, kó padà síbi tó ti wá." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá ọmọ ń wo ògiri.

Mo délé, oorun ò kùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù bóyá àwọn òyìnbó náà máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí i pé ní ìlú Groningen, ní Nẹ́dálándì, wọn ò sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ rárá, ńṣe ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2004, dókítà ọmọdé méjì, Eduard Verhagen àti Pieter Sauer, gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí bí dókítà ṣe lè fòpin sí ẹ̀mí ọmọ tuntun tí ìrora rẹ̀ kọjá àfaradà. Àìsàn náà gbọ́dọ̀ dájú, kò gbọdọ̀ sí ìrètí pé yóò dẹ̀. Dókítà mìíràn tí kò sí nínú ìtọ́jú ọmọ náà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n ṣe é bí iṣẹ́ ìṣègùn ṣe là á sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ sọ fún ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní láàárín 1997 sí 2004, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ 22 ni àwọn dókítà lọ jẹ́wọ́ fún agbẹjọ́rò ìjọba. Wọn ò gbé ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ sílé ẹjọ́.

Ìbéèrè mi nìyí: ìyá àgbà wa àti àwọn dókítà yẹn, ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ?

Bàbá_Káfíńtà (9:31 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú ìrọ́jú. Èmi ò ní fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bó ti wù kí ọmọ ẹni burú tó, a kì í gbé e fún ẹkùn pa jẹ. Ẹni tó mí èémí sí i ló mọ ọjọ́ tí yóò gbà á padà. Kí ìyá àgbà yẹn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà kó tó sùn lálẹ́ yìí. Àwọn òyìnbó yẹn, ìwé ni wọ́n kọ. Ìwé kì í sọ ìpànìyàn di oore.

Òótọ́Korò (9:40 alẹ́)

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Òwe ẹkùn yẹn ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹkùn ti ń jẹ ọmọ náà lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé ṣé ká jókòó máa wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú Verhagen dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Wọ́n gbé ọmọ kan wá bá wọn tí àìsàn awọ kan ń ṣe, epidermolysis bullosa lorúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, awọ á bó bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i. Bí wọ́n bá tú báńdéèjì láti fi tuntun sí i, awọ á bá báńdéèjì wá. Àwọn òbí bẹ àwọn dókítà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Àwọn dókítà kọ̀, ẹ̀rù òfin ń bà wọ́n. Òbí gbé ọmọ wọn lọ, ó sì lo oṣù mélòó kan sí i kó tó kú. Ẹ sọ fún mi, ta ló jàǹfààní oṣù wọ̀nyẹn? Ọlọ́run ni àbí dókítà tí kò fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n?

Lọ́yà_Òǹdó (10:02 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi òfin sí i kí ẹnikẹ́ni má baà kó sí wàhálà nítorí ohun tó kà níbí.

Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní apá Gúúsù, abala 307 ní ọmọ ti di ènìyàn tí a lè pa, tó bá ti jáde tán láàyè lára ìyá rẹ̀. Ì báà ti mí, ì báà má tíì mí, kódà bí wọn ò tíì gé ìwọ́ rẹ̀. Abala 311 ní ẹni tó bá ṣe ohun tó mú ikú aláìsàn yá, òun ló pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn yẹn ì bá pa á náà. Abala 300 ló kan ìyá àgbà yín. Ẹni tí ọmọ tí kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ohun tí ẹ̀mí fi ń dúró fún un. Fífi ọmú dù ú wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká má tún rò pé òfin Nẹ́dálándì gbà á tìlùtìfọn. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ẹni tó ti pé ọdún 12 sókè tó fẹnu ara rẹ̀ béèrè ló wà fún. Ọmọ tuntun ò lẹ́nu tó lè fi béèrè. Bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ti dá dókítà sílẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1995, wọ́n dá Henk Prins tó fòpin sí ẹ̀mí ọmọ kan tó ní spina bifida sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀nà méjèèjì ló dí mọ́ ọn, kò sí èyí tó lè gbà láìrú òfin kan. Ìlànà Groningen kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, ó kàn jẹ́ kí agbẹjọ́rò ìjọba mọ ibi tó ti máa dákẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sìPeckham (10:47 alẹ́)

Ẹ ṣé, Lọ́yà. London ni mo wà, yàrá àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn ò le ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ẹni tí kò débẹ̀ rí máa ń rò pé nǹkan méjì péré ló wà, kí ọmọ yè tàbí kí wọ́n pa á.

Níbí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún láti pa ọmọ kò sí. Èèwọ̀ ni. Àmọ́ tí ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí kò bá wúlò fún un mọ́, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń fa ikú gùn, a máa ń bá àwọn òbí sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí wọ́n bá gbà, a ó yọ ọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá pa gbogbo aago tó ń ké. Màá yí ojú ẹ̀rọ sí ògiri kí bàbá ọmọ má baà máa ka nọ́ńbà. Pílásítà tó di rọ́bà mú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, màá fi òwú inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, màá dúró kó rọ̀ dáadáa, torí awọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé máa ń bá pílásítà lọ. Ó lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní kí ló dé tí o ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Màá ní ibi tí n ò ti ní kánjú nìyẹn. Lẹ́yìn náà màá gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, awọ sí awọ. Mọ́fíìn, oògùn tó ń pa ìrora, ti wà lára rẹ̀. Àwọn kan á mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn kan di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́ nítorí pé ọ̀nà tó yàn ló burú jù. Ebi. Ọmọ tó ń ké fún oúnjẹ tó sì lè jẹ ẹ́. Ní 1981 wọ́n gbé Dókítà Leonard Arthur ti Derby lọ sílé ẹjọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní Down's syndrome ni, àbùkù àbímọ́ tó máa ń mú kí ẹ̀kọ́ ṣòro fún ọmọ, òbí ní àwọn ò fẹ́ ẹ, dókítà sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí wọ́n kàn máa ṣìkẹ́ rẹ̀ lásán. Wọ́n fún un lóògùn tó mú un sùn, wọn ò fún un lóúnjẹ. Ó kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú tó ń dájọ́ nílé ẹjọ́ (jury) dá dókítà sílẹ̀. Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ ọ́ níbí títí dòní.

Òótọ́Korò (11:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ o. Ọmọ tó wà lórí ẹ̀rọ lóríire, torí ẹ ní ohun tí ẹ lè yọ. Èyí tó ń mí fúnra rẹ̀, tí ìrora sì ń fojú rẹ̀ rí màbo, kò ní ẹ̀rọ tí ẹ máa yọ. Ṣé torí pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le ló ṣe máa jìyà jù?

Nọ́ọ̀sìPeckham (11:09 alẹ́)

Mi ò ní èsì sí ìyẹn lálẹ́ yìí. Mò ń wọṣẹ́.

Akéwì_orí_kẹ̀kẹ́ (ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀)

Mo ji, mo ka gbogbo ẹ̀, tíì mi ti tutù.

Òṣogbo ni mo wà. Ẹni ọdún 34 ni mí. Spina bifida ni wọ́n bí mi mọ́. Kẹ̀kẹ́ arọ ni mo fi ń rìn, rọ́bà ni mo fi ń tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Àbẹ̀kẹ́, o ní ọmọ 22. O ò sọ irú àìsàn tó ń ṣe wọ́n. Spina bifida ni, gbogbo wọn pátá. Verhagen àti Sauer fúnra wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2005. Kì í ṣe àìsàn awọ tí Òótọ́Korò fi ń dẹ́rù bà wá. Èmi ni. Nígbà tí ẹ bá ń sọ "irú ọmọ bẹ́ẹ̀", ẹ fi ojú inú wò mí níbi tí mo ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Mo mọ̀ pé tèmi kò le tó tiwọn. Wọ́n ní tiwọn ló burú jù. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọdé ní Rotterdam, Rob de Jong, tako wọn ní 2008. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé ọmọ tuntun tó ní spina bifida ń jẹ ìrora tí oògùn kò lè ká. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni wọ́n ń pè ní àfaradà tó ti kọjá? Ìrora tòní kọ́. Ìgbé ayé tọ̀la ni wọ́n ń wò, pé kò ní rìn, pé ilé ìwòsàn ló máa fi ṣe ilé, pé kò ní lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìrora. Èmi nìyẹn lọ́jọ́ Ajé.

Agbẹjọ́rò kan wà nígbà kan ní Amẹ́ríkà, Harriet McBryde Johnson, iṣan ara rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀ láti kékeré. Ní 2002 ó lọ sí Princeton lọ kojú Peter Singer, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó gbà pé ó lè tọ́ kí òbí yan ikú fún ọmọ tuntun tó bá ní àbùkù tó le. Ó jókòó síwájú rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà sì ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ènìyàn rere ni wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́Ìjẹ̀bú (7:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo rí i kà pé spina bifida ni gbogbo wọn. Mo fò ó. N kò mọ ìdí tí mo fi fò ó.

Akéwì_orí_kẹ̀kẹ́ (7:05 àárọ̀)

Mo mọ̀ ọ́n. Kò burú.

Tíṣà_Ìtàn (12:38 ọ̀sán)

Mo fẹ́ dá sí i níbi tí ọ̀rọ̀ "òbí fọwọ́ sí i" wà, torí òun ni gbogbo yín ń gbára lé.

Ní Jámánì, ní 1939, wọ́n bí ọmọ kan nítòsí Leipzig tí kò ríran, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì pé. Bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Hitler pé kó gbà wọ́n láyè kí wọ́n pa á. Hitler rán dókítà tirẹ̀, Karl Brandt, lọ wo ọmọ náà, wọ́n sì pa á. Kò pẹ́ tí àṣẹ jáde pé kí dókítà àti agbẹ̀bí máa fi orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kọ. Dókítà mẹ́ta tí kò rí ọmọ náà rí á fi àmì sí i, àmì ìròpọ̀ túmọ̀ sí ikú, àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí ìyè. Wọ́n á sọ fún òbí pé ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ gbà, lẹ́yìn náà lẹ́tà á dé pé òtútù àyà ló pa á. Ó kéré tán, 5,000 ọmọ ló bá a lọ. Ní Vienna nìkan, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Am Spiegelgrund, 789 ni. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n yí sí tẹ̀ lé e.

Lẹ́tà bàbá kan ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Òótọ́Korò (1:15 ọ̀sán)

Mo ti mọ̀ pé Hitler máa dé. Tíṣà, àwọn yẹn ń purọ́ fún òbí, wọ́n ń fi pamọ́. Àwọn ará Groningen lọ jẹ́wọ́ fúnra wọn. Ṣé torí pé olè fi ọ̀bẹ pa ènìyàn la ò ní jẹ́ kí dókítà mú ọ̀bẹ?

Tíṣà_Ìtàn (1:22 ọ̀sán)

Ó yàtọ̀, mo gbà. Mi ò pè wọ́n ní Hitler. Mo kàn ní kí a má sọ pé "òbí ló béèrè" bí ẹni pé ìyẹn ti parí ẹjọ́. Ìyá tí kò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹbí yí ká, ṣé tirẹ̀ ló ń sọ àbí tiwọn?

Bàbá_Káfíńtà (2:50 ọ̀sán)

Tíṣà, o ṣe é. Kí n sì fi kún un pé irú ọmọ yìí kì í ṣe ẹni ìtìjú nílẹ̀ wa. Ẹni òrìṣà ni wọ́n. Abuké, arọ, àfín, aràrá, Ọbàtálá ló ni wọ́n, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n. Wọn kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Akéwì_orí_kẹ̀kẹ́ (3:04 ọ̀sán)

Bàbá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn gan-an ní emu ọ̀pẹ ló pa Ọbàtálá nígbà tó ń mọ wa. Èmi náà ni àṣìṣe ọ̀mùtí. Ẹ tún má gbàgbé pé ìtàn ẹnu ní ìgbà kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ìbejì yè láwọn ibì kan nílẹ̀ yìí, kó tó di pé a ń bọ wọ́n. Àwọn bàbá wa náà pa, wọ́n sì yí ọkàn padà. Èyí tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni yíyí ọkàn padà.

Ìyá_Fìkáyọ̀ (ọjọ́ Ajé, 11:58 alẹ́)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo kọ, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ.

Fìkáyọ̀ mi kò ní àbùkù kankan nígbà tí mo bí i. Lọ́jọ́ kẹta ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ní kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, kí n máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Káńfọ̀ ló wà nínú aṣọ tí mo fi wé e, èmi ni mo fi síbẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ta ló sọ fún mi pé káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́? Lọ́jọ́ kẹfà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká sẹ́yìn bí ọrun. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ kò ní iná búlúù tí wọ́n fi ń wò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn, ibà pọ́njú náà ti wọ ọpọlọ.

Ọdún méje ló lò. Kò jókòó rí, kò pè mí rí. Tí mo bá ń fún un ní ẹ̀kọ, síbí kan máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí ọ̀fun rẹ̀ kì í tètè gbé e mì. Abọ́ kan, wákàtí kan ààbọ̀. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Àwọn kan ní ọmọ odò ni, kí n gbé e padà sódò. Ìyá ọkọ mi ni kò gbà fún wọn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ṣé mo gbàdúrà kó kú? Bẹ́ẹ̀ ni. Aago mẹ́ta òru, nígbà tí gìrì bá gbé e fún ìgbà kẹrin tí oògùn sì ti tán. Mo ní Olúwa, ẹ mú un tàbí kí ẹ mú mi. Ká ní dókítà kan wọlé lóru yẹn tó ní òun ní abẹ́rẹ́, màá ti sọ pé kó gún un. Tó bá wá jẹ́ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló wọlé, nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín sí fáànù, màá ti lé e jáde tòun ti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn fáànù.

Kì í ṣe ikú ni mo nílò. Ẹnìkan tó máa bá mi gbé e fún wákàtí kan kí n sùn ni.

Alábòójútó (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Ìyá Fìkáyọ̀, ẹ kú ọmọ. Mo ti yọ orúkọ ilé ìwòsàn méjì tí àwọn kan kọ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má dárúkọ wọn níbí. Ẹni tó kọ pé "ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ló fà á", mo ti lé e jáde.

Dókítà_Ọmọdé (9:45 àárọ̀)

Iṣẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni mò ń ṣe, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀yin ará, ẹ ń jà lórí abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní gún. Lọ́dọ̀ wa níbí, owó ló ń gún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ tó ní spina bifida dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ rán kí kòkòrò má baà gba ibẹ̀ wọ ọpọlọ. Tí omi bá ń gbá jọ sí orí, a ó fi rọ́bà tín-ín-rín kan sínú ọpọlọ, yóò gba abẹ́ awọ lọ sí ikùn kí omi lè máa wá síbẹ̀. Mo sọ iye owó rẹ̀ fún bàbá kan lọ́dún tó kọjá. Kò ní ìwé lọ́wọ́, ó fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ti fọ ọwọ́ náà. Ó buwọ́ lùwé pé òun ló fẹ́ máa gbé ọmọ òun lọ. Orí ọmọ náà á máa tóbi nílé títí yóò fi kú. Kò sí dókítà kejì tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó lọ sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba. Ìlànà tiwa nìyẹn. Lọ́yà, abala mélòó ló kan ìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Òótọ́Korò, mo gbà pé ọmọ díẹ̀ wà tí n kò ní mọ ohun tí màá sọ fún òbí wọn, irú àwọn tó ní trisomy 13 tàbí 18, àìsàn àbímọ́ tó le gan-an, tàbí àwọn tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọpọlọ wọn kò sí lórí. Irú wọn, a kì í fi ẹ̀rọ dá wọn dúró, a ó fún wọn lóògùn ìrora, a ó sì jẹ́ kí ìyá gbé wọn. Ìṣòro ni pé mọ́fíìn olómi gan-an kì í fìgbà gbogbo sí. Láti sọ pé ìrora ọmọ yìí kọjá àfaradà, ó yẹ kí n ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti dẹ̀ ẹ́. Níbi tí kò ti sí mọ́fíìn, n kò lè fọwọ́ sí ìwé pé ìrora kò gbóògùn.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nẹ́dálándì náà. Láti 2007 tí gbogbo aboyún ti ń rí síkáànù ogún ọ̀sẹ̀ ṣe, èyí tó ń fi irú àbùkù yìí hàn kí wọ́n tó bí ọmọ, ìjẹ́wọ́ lórí ọmọ tuntun dín kù gan-an.

Akéwì_orí_kẹ̀kẹ́ (10:01 àárọ̀)

Torí pé wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí wa. Dókítà, ẹ má fi ìyẹn kún èrè.

Dókítà_Ọmọdé (10:20 àárọ̀)

Mi ò pè é lérè. Òtítọ́ ni mo sọ, ẹ sì ti túmọ̀ rẹ̀ dáadáa jù mí lọ.

Ohun tó jẹ́ èrè lójú mi: ìwádìí kan tó jáde ní 1991 fi hàn pé obìnrin tó ti bí irú ọmọ yìí rí, tó bá ń lo folic acid kó tó lóyún, ewu pé yóò tún bí irú rẹ̀ á dín kù tó bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Oògùn tí owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì. Ẹ sọ fún ìyá ọmọ náà, Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe lónìí o. Ní Mbale, ní Uganda, dókítà Amẹ́ríkà kan, Benjamin Warf, àti àwọn ará ibẹ̀ rí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi lè bọ́ lọ́wọ́ rọ́bà inú orí yẹn. Wọ́n ń lu ihò kékeré sínú ọpọlọ kí omi lè rọ́nà lọ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń jó ibi tí omi náà ti ń sun. Afríkà la ti ṣe é, Amẹ́ríkà ló wá kọ́ ọ.

Òótọ́Korò (10:44 àárọ̀)

Ó dáa. Mo gba ti mọ́fíìn. Mo gba ti owó. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún mi, mọ́fíìn, nọ́ọ̀sì, rọ́bà orí, ẹni tó máa bá Ìyá Fìkáyọ̀ gbé ọmọ. Ọmọ alárùn awọ yẹn ṣì wà níbẹ̀, ní Nẹ́dálándì, níbi tí kò sí ohun tí wọn ò ní. Ẹ ò tíì dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sìPeckham (4:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo sọ pé n kò ní èsì, n kò tíì ní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a lè fi oògùn mú un sùn títí ìrora kò fi ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ìyẹn bá tilẹ̀ mú èémí rẹ̀ kúrú. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti bá wọn ṣe é. Bí mo ṣe ń fa oògùn náà sínú síríǹjì, mo ń bi ara mi pé kí ni mò ń ṣe gan-an. Ìwé ní ìrora ni mò ń pa. Ọwọ́ mi kò mọ ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá gbọ̀n mọ́, kí wọ́n gbé mi kúrò ní yàrá yẹn.

Àbẹ̀kẹ́Ìjẹ̀bú (ọjọ́ Rú, 8:55 alẹ́)

Ẹ kú àdúrótì o. Mo ti ilé ìwòsàn dé.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Fìkáyọ̀ fún ìyá ọmọ. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n tún un kà. Ìyá àgbà wa náà wà níbẹ̀. Nígbà tí dókítà wọlé, òun ló kọ́kọ́ là ẹnu. Ó ní, "Dókítà, ṣé ó ń dùn ún?" Gbogbo wa wo ara wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, kò sí ẹni tó ti béèrè.

Dókítà fi ìka tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, kò mira. Ó tẹ itan, kò mira. Ó fọwọ́ kan etí egbò ẹ̀yìn, níbi tí awọ gidi ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ké. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni, oògùn sì ká a. Ó ní tí a bá rán ẹ̀yìn náà, yóò dẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Kí ló dé tí ẹ ò tíì rán an?" Ó ní owó. Ìyá àgbà bọ́ síta, n kò mọ ibi tó lọ. Ó pẹ́ kó tó dé.

Lọ́la ni wọ́n máa rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ti orí ṣì kù. Sẹ̀ǹtímítà 38 ni wọ́n wọ̀n ọ́n lónìí, 37 ni lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n máa tún wọ̀n ọ́n.

Akéwì_orí_kẹ̀kẹ́ (9:03 alẹ́)

Fi nọ́ńbà ìyá ọmọ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, tó bá gbà. Ìyá mi fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun ṣì ní téèpù tí òun fi ń wọn orí mi.